Ta Ló Sọ Pé Òkúta Ni Àrọ̀ Ń Fẹ́?

Mo ṣèlérí nígbà tó kọjá pé oúnjẹ màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni n ó kọ lé lórí. Ẹ forí jì mí, màlúù á dúró ná. Ẹja ló gba ipò rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ń sin àrọ̀ ní Ìṣẹ́yìn báyìí. Ó pè mí láàárọ̀ Sátidé kan, ó kí mi, ó kí màmá nílé, ó wá ní: "Prọ̀f, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi ìwé kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Àwọn òyìnbó ní ká máa kó òkúta àti okùn sínú omi ẹja. Ṣé ká ṣe é ni sà, àbí wọ́n kàn fẹ́ ká náwó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n kà á ná.

Ìwé náà kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ. Àyẹ̀wò gbòòrò ni, tí Pablo Arechavala-Lopez àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ sínú jọ́nà Reviews in Aquaculture ní 2022. Wọ́n kó ohun tí àwọn olùwádìí ti rí káàkiri ayé jọ nípa ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní environmental enrichment: pé kí ẹni tó ń sin ẹja má kàn da omi sí táǹkì kó sì da ẹja lé e, kó fi nǹkan kan kún ibẹ̀ tí ayé ẹja náà yóò fi dùn díẹ̀ sí i. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Èkíní ni ohun tí a lè fọwọ́ kàn, bí òkúta, yanrìn, okùn àti páìpù. Èkejì ni ohun tí ojú, etí àti imú ẹja ń bá pàdé, bí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ táǹkì. Oúnjẹ àti bí a ṣe ń fún un ni ẹ̀kẹta. Àwọn ẹja tí a kó pọ̀ mọ́ ọn ni ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún sì ni ohun tí yóò máa fi ara àti ọpọlọ rẹ̀ ṣe, bí omi tó ń ṣàn tí yóò máa bá wọ̀yá ìjà.

Mo fẹ́ràn ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ẹ mọ̀ mí, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ àríwísí, ẹnu mi a máa le. Ní 1965, ìgbìmọ̀ Brambell jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé ó yẹ kí ẹran ọ̀sìn ráyè dìde, kó ráyè dùbúlẹ̀, kó ráyè yíra padà, kó sì ráyè nara. Adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọmọ màlúù ni wọ́n ń rò nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ bi ẹja léèrè. Ẹni tó bá wá jókòó kó ìwádìí lórí ẹja jọ báyìí ti ṣiṣẹ́. Ìdí sì wà tí a fi gbọ́dọ̀ gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí wọ́n so okùn rọ̀ sínú omi àwọn ọmọ sea bream, ẹja òkun kan tí wọ́n máa ń sìn ní agbègbè Sípéènì, ìjà wọn dín kù, lẹbẹ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ya mọ́. Ní Nọ́wè, Anne Gro Salvanes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2013 pé salmon tí a tọ́ láàárín òkúta àti ewéko mọ ọ̀nà àbáyọ wá ju èyí tí a tọ́ sínú táǹkì òfìfo lọ, ìyàtọ̀ sì hàn nínú ọpọlọ wọn gan-an.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Kí ni ká pè é ní Yorùbá? Ẹnì kan dábàá "ìṣelọ́ṣọ̀ọ́ ibùgbé". Mo kọ̀ ọ́. Ta là ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún? Ọ̀ṣọ́, ojú ẹni tó ń wò ó ló wà fún. Ẹ ti rí àpótí dígí tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n kó òkúta aláwọ̀ mèremère àti ààfin oníke sí. Ṣé ẹja ló ní òun ń fẹ́ ààfin? Èmi ń pè é ní ìtún-ibùgbé-ṣe, nítorí ẹni tó fẹ́ tún ibùgbé ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lára. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi pẹ̀lú ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹja ta ni wọ́n wádìí? Salmon àti trout inú omi tútù, sea bream inú òkun, zebrafish inú àpótí dígí: àwọn wọ̀nyí ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Nàìjíríà ló ń sin àrọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé, síbẹ̀ ẹni tó bá ń wá àrọ̀ níbẹ̀, àtùpà ni yóò fi wá a. Àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ẹja kan kò ṣeé gbé lé òmíràn lórí. Joacim Näslund àti Jörgen Johnsson, ará Swídìn méjì, ti sọ ọ́ kedere ní 2016 nínú àyẹ̀wò tiwọn lórí òkúta àti ohun ìsápamọ́: ohun tó ṣe irú ẹja kan lóore lè má ṣe irú mìíràn ní nǹkan kan, ó tilẹ̀ lè pa á lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa dé Ìṣẹ́yìn lórí fóònù, ìkìlọ̀ ti já bọ́ lọ́nà, ó ku òkúta.

Irú ẹja wo wá ni àrọ̀? Orúkọ tí Burchell fún un ní 1822, tí a ń pè ní Clarias gariepinus lónìí, odò Gariep ní Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹja ilé wa ni. Kò ní ìpẹ́. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló ní, òun ló fi ń tọ́ ọ̀nà àti oúnjẹ wò nínú omi tó dọ̀tí tí ojú kò ti ríran. Ó ń mí nínú omi, ó sì ní ẹ̀yà ara mìíràn ní orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yọrí sókè gbà á ní ìgbà dé ìgbà, tó sì lè fi àyà wọ́ gba orí koríko tútù kọjá lóru òjò. Paríparí rẹ̀, ẹja òru ni. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni ayé rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1992, Britz àti Pienaar tẹ ìwádìí wọn lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìbòrí fún àrọ̀ jáde ní Journal of Zoology. Ohun tí wọ́n bá ni pé ọmọ àrọ̀ tó wà nínú òkùnkùn dàgbà dáadáa ju èyí tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ lọ, ó sì balẹ̀ jù. Inú ìmọ́lẹ̀ tí kò ní ibi ìsápamọ́ ni ìjà àti àìbalẹ̀-ara ti pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Hossain, Beveridge àti Haylor náà tún wo iye ẹja, ìmọ́lẹ̀ àti ibi ìsápamọ́ pa pọ̀ ní 1998. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí àrọ̀ ń fẹ́ kì í ṣe kí a fi nǹkan kún, bí kò ṣe kí a mú nǹkan kúrò: oòrùn.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìṣẹ́yìn láti fojú ara mi rí i. Oṣù Kejì ni, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn sì ń ta bí iná. Táǹkì mẹ́rin ni ọmọ náà fi búlọ́ọ̀kù mọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dán, kò sí igi kankan nítòsí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi táǹkì kejì ni, nítorí náà mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹja ti sá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tí òjìji bò, wọ́n gun orí ara wọn bí igi ìdáná. Ìyókù táǹkì ṣófo.

Mo ní, "Wo ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ti dá ẹ lóhùn kí o tó pè mí."

Ó fi àwọ̀n gbé bíi mẹ́wàá jáde fún mi. Ìrù àwọn kan ti jẹ, irùngbọ̀n àwọn kan kò ju ààbọ̀ lọ, ọ̀kan ní àpá eyín ní ẹ̀gbẹ́. Mo bi í bóyá ó ń kọ èyí sílẹ̀. Ó ní, "Rárá sà, èyí tó bá kú nìkan ni mò ń kọ." Ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ohun kejì tí ẹ̀kọ́ Yúróòpù máa ń tẹnu mọ́ ni àyè: bí ẹja bá kéré nínú omi, ara á tù wọ́n. Ẹni tó bá gbé èyí lé àrọ̀ lórí yóò ṣìnà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Wageningen ní Nẹ́dálándì (ilẹ̀ tí a ti kó irú tí àwọn ẹlẹ́ja wa ń pè ní Dutch Clarias wá, ẹ̀yin ẹ wo bí ọmọ ilé ṣe ń ti òkèèrè padà wálé) ti yẹ̀ ẹ́ wò, van de Nieuwegiessen wà lára wọn. Ohun tí wọ́n bá nìyí: ìgbà tí àwọn ọmọ àrọ̀ bá kéré nínú omi ni wọ́n ń jà jù, bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjà ń rọlẹ̀. Èmi rò pé ọmọ Òkè-Ògùn kò yẹ kó yà lẹ́nu. Ẹ rántí bí odò kéékèèké wa ṣe máa ń rí ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Omi á gbẹ, á ku ọ̀gọ̀dọ̀ níhìn-ín, ọ̀gọ̀dọ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo ẹja á fún jọ sínú rẹ̀, nínú ẹrẹ̀, nínú òkùnkùn, títí òjò yóò fi dé. Ẹja tó ti ń la ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ ọ̀dàn kọjá láti ayébáyé mọ bí a ti ń fún ara. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ti ń gbé ojú gbangba lábẹ́ oòrùn.

Ẹ má tìtorí èyí lọ ki ẹja bọ táǹkì bí ẹní ki gààrí sápò o. Mo mọ̀ yín. Ẹja tó pọ̀ jù, oúnjẹ tó pọ̀ jù, ìgbẹ́ tó pọ̀ jù, amóníà á gba inú omi. Àrọ̀ lè máa mí afẹ́fẹ́ lókè kí omi ìsàlẹ̀ sì máa jó o lára. Pé ó ń fara dà á kò túmọ̀ sí pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun kẹta ni ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tó bá kọ ìwé ní ibi tí ẹ̀rọ ti ń yọ́ omi tọ̀sán-tòru lè ní kí a tẹ́ òkúta àti yanrìn sísàlẹ̀ táǹkì. Ní Òkè-Ògùn, jẹnẹrétọ̀ ni ọmọ yìí fi ń fa omi bọ́hóòlù. Dáàmù Ikere Gorge kò jìnnà sí wọn, ṣùgbọ́n kò sí páìpù tó gbé omi rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí a bá tẹ́ òkúta síbẹ̀, ajẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ á há sáàárín rẹ̀, a kò ní lè fi ọṣẹ́ẹ̀pù tàbí ọ̀pá fà á jáde, yóò sì máa jẹrà lábẹ́ ẹja. Láfikún, ara tí kò ní ìpẹ́ ni à ń sọ o. Ẹnu òkúta mímú á bó o. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nípa òkúta, rárá ni ìdáhùn mi. Páìpù ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, bí a bá fi iná tàbí páálí onísáńdì pa ẹnu rẹ̀ kúnná, tí a sì so ó rọ̀ kó má fara lélẹ̀, kí a lè gbé e kúrò nígbà tí a bá fẹ́ fọ táǹkì. Ojú oró lè bo apá kan omi, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, torí ẹja gbọ́dọ̀ ráyè yọrí gba afẹ́fẹ́, ewé náà sì máa ń bí bí eṣú. Ìbòrí lókè ló rọrùn jù: màrìwò, àwọ̀n dúdú tí àwọn tó ń gbin tòmátò ń lò, tàbí tapólì àlòkù tí a ta sókè kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Kí a sì sún oúnjẹ sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹja fúnra rẹ̀ ń wá oúnjẹ. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn ẹlẹ́ja wa mọ púpọ̀ nínú èyí tẹ́lẹ̀. Wọn kò kàn fún un lórúkọ ni. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin àrọ̀, wọ́n máa ń bo abọ́ ọmọ ẹja kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé. Wọ́n máa ń ṣa ńlá kúrò láàárín kékeré, torí wọ́n mọ̀ pé àrọ̀ a máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Hecht àti Appelbaum kọ ọ́ ní 1988 bí wọ́n ṣe ń ṣe é: nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ìrù ni wọ́n ti ń gbé ẹnìkejì mì títí dé orí, wọ́n á sì pọ orí dànù, bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, orí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, odindi ni wọ́n sì ń gbé. Ṣíṣà tí ìyálọ́jà ẹlẹ́ja ń ṣà wọ́n yẹn, ọ̀nà kẹrin tí Arechavala-Lopez àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà sílẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja bá ti tó ìka ọwọ́, a ó ká ìbòrí kúrò, a ó kó o lọ sí táǹkì ńlá lábẹ́ oòrùn, yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún, títí a ó fi tà á. Kí ló dé? Torí pé nígbà tó kéré, bí kò bá sí ìbòrí, ó ń kú. Nígbà tó dàgbà, kò kú mọ́, ó kàn ń jìyà. Ikú ni à ń bò ó fún, a kò bò ó fún òun fúnra rẹ̀.

Ibi tí àríwísí mi ti kan àwa náà nìyí, àwa tí a kọ́ wọn. Àwọn iṣẹ́ àṣekágbá lórí àrọ̀ tí mo fọwọ́ sí, bí mo bá kó wọn jọ, á kún àpótí. Mo ti tún àwọn kan yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nítorí àpilẹ̀kọ yìí. Ìwọ̀n nígbà tí a kó o wọlé, ìwọ̀n nígbà tí a kó o jáde, oúnjẹ tó jẹ, iye tó kù. Ó tán. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú wọn tó ka ọgbẹ́, kò sí ẹni tó wọn irùngbọ̀n, kò sí ẹni tó jókòó lóru fi iná kékeré wo ohun tí ẹja ń ṣe. Wọn kò ṣe é nítorí pé èmi kò ní kí wọ́n ṣe é. Ọmọ Ìṣẹ́yìn tó sọ fún mi pé èyí tó bá kú nìkan ni òun ń kọ, ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ti ẹja tún burú ju ti adìẹ lọ, torí kò lè pariwo, omi sì bò ó. Ní 2003, Lynne Sneddon, Victoria Braithwaite àti Michael Gentle fi hàn pé ẹnu trout ní iṣan tó ń gba ìmọ̀lára ohun tó ń pani lára, àti pé nígbà tí wọ́n fún un ní oró oyin tàbí ásíìdì sí ètè, àwọn kan nínú wọn a máa fi ètè ra òkúta ìsàlẹ̀ omi, wọn kì í sì í tètè jẹun. Àwọn kan takò ó. James Rose ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ọpọlọ ẹja kò ní apá tí a fi ń mọ̀ pé nǹkan ń dunni. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Èmi ò lè búra fún yín nípa ohun tó wà nínú ọkàn àrọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tó sá jọ sí nínú táǹkì yẹn, ó sì tó mi láti ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bá àwọn onímọ̀ yìí fà ni ọ̀rọ̀ èrè. Wọ́n mọ̀ pé oníṣòwò kò ní gbọ́, nítorí náà wọ́n máa ń fi oyin sí i: ẹja tí ara tù yóò dàgbà, yóò lówó lórí. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀n kò yí padà rárá. Bí a bá ti so ìtún-ibùgbé-ṣe mọ́ èrè báyìí, ọjọ́ tí òṣùwọ̀n bá ní kò sí ìyàtọ̀ ni a ó ká tapólì kúrò, ohun kan náà tí a ti ṣe fún ọmọ ẹja tó tó ìka ọwọ́ ni a ó tún ṣe.

Kí n tó kúrò ní ẹ̀yìnkùlé ọjọ́ yẹn, ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí. "Prọ̀f, bí mo bá bò ó, ṣé yóò tètè tóbi?" Ẹ mọ iye tí àpò oúnjẹ ẹja jẹ́ lóde òní, oúnjẹ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó ẹlẹ́ja lọ, ọ̀pọ̀ ló ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣe ìbéèrè ojúkòkòrò. Mo ní ó lè tóbi, ó sì lè má tóbi, n kò lè ṣèlérí. Mo ní ohun tí mo mọ̀ ni pé ìrù wọn kò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Tapólì àlòkù wà nílé sà. Kí n bo méjì, kí n fi méjì sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sì máa gbé ogún ẹja jáde nínú táǹkì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó fi ọwọ́ tútù gbá wọn mú, kó ka ọgbẹ́ ìrù àti irùngbọ̀n tó gé, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kọ ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọgbà LAUTECH ní Ìṣẹ́yìn, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ OYSADEP ní Ṣakí, bíró àti ìwé nìkan ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a ka tirẹ̀ pọ̀, kó kọ sí mi. Mo ti fa ilà sí ìwé kan fún un: òpó kan fún ikú, òpó kan fún ìwọ̀n, mẹ́ta fún ọgbẹ́.